Ẹ fi èdè sọ ẹgbẹ́ ìtumọ̀ yín lórúkọ, ẹ má fi kóòdù orílẹ̀-èdè sọ ọ́

Ẹni tó bá fẹ́ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti máa túmọ̀ sọ́fítíwíà sí Yorùbá lè máa rò pé àwọn ọ̀rọ̀ tó le ló máa kọ́kọ́ dá òun dúró. Orúkọ ló máa kọ́kọ́ dá a dúró. Ibi tí ẹ bá ti fẹ́ ṣiṣẹ́ máa gbé àpótí kékeré kan síwájú yín pé kí ẹ kọ kóòdù ẹgbẹ́. Bí ẹ bá ti kọ ọ́ báyìí, ó ti wọ inú líǹkì, inú àdírẹ́sì íméèlì, inú orúkọ fáìlì, títí dé inú kọ̀ǹpútà àwọn tó máa lo iṣẹ́ yín. Ó rọrùn láti yàn án dáadáa lónìí, àtipààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ọdún méjì ló nira.

Ohun tó máa ń sáré wá sí ọ̀pọ̀ wa lọ́kàn ni ng. Nàìjíríà la wà, ng ló ń gbẹ̀yìn àdírẹ́sì wẹ́ẹ̀bù wa, kí ló wá burú níbẹ̀? Ó burú gan-an. Ọmọ Kétu, ọmọ Ṣábẹ̀ àti ọmọ Àjàṣẹ́ tó ń sọ Yorùbá ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ kì í ṣe ọmọ Nàìjíríà. Ọmọ wa tí wọ́n bí sí London tàbí Houston, tó sì fẹ́ fi alẹ́ rẹ̀ bá wa ṣe iṣẹ́ yìí, lè má ní páálí Nàìjíríà rárá. Ẹ̀wẹ̀, Haúsá, Ìgbò, Tiv, Ẹ̀fíìkì àti àwọn èdè mìíràn tí àpapọ̀ wọn lé ní 500 ló wà nínú Nàìjíríà kan náà. Orúkọ tó ti ẹni tó ń sọ èdè náà síta, tó wá kó ẹni tí kò sọ ọ́ wọlé, kò yẹ ẹgbẹ́ ìtumọ̀. Ẹ jẹ́ ká mú un ní ìgbésẹ̀ ìgbésẹ̀, láti orí yíyan orúkọ dé orí àtúnṣe fún ẹgbẹ́ tó ti fi ng bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mọ ìyàtọ̀ láàárín àkójọ méjèèjì

Àkójọ kóòdù méjì, tí àjọ ISO tó ń ṣe ìlànà fún gbogbo ayé gbé jáde, ni àwọn ènìyàn máa ń lọ́ pọ̀ mọ́ ara wọn. ISO 639 ni ti èdè. Yorùbá ní kóòdù lẹ́tà méjì níbẹ̀, yo, ó sì tún ní ti lẹ́tà mẹ́ta, yor. ISO 3166 ni ti orílẹ̀-èdè: NG ni Nàìjíríà, BJ ni Bẹ̀nẹ̀, TG ni Tógò. Àṣà tó wà nílẹ̀ ni pé ká fi lẹ́tà kékeré kọ ti èdè, ká fi lẹ́tà ńlá kọ ti orílẹ̀-èdè. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ibi ni lẹ́tà ńlá àti kékeré kì í ti í jẹ́ nǹkan kan lójú kọ̀ǹpútà, àkójọ kọ̀ọ̀kan sì pín lẹ́tà tirẹ̀ láìwo ojú èkejì. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo ng fúnra rẹ̀. Nínú àkójọ èdè, ó ti ní olóhun: Ndonga ni, èdè kan tí wọ́n ń sọ ní Námíbíà àti Àǹgólà. Bẹ́ẹ̀ náà ni tg, èdè Tajik ni, kò kan Tógò. Bí ẹ bá wá fi ng sọ ẹgbẹ́ Yorùbá, ohun tí ẹ ń sọ fún ẹ̀rọ ni pé Ndonga lẹ ń túmọ̀ sí. Lọ́jọ́ tí àwọn ará Námíbíà bá dé láti dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, wọ́n á bá yín lórí àga wọn.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí Áfíríkà. SE ni orílẹ̀-èdè Swídìn, ṣùgbọ́n sv ni èdè rẹ̀. Nínú àkójọ èdè, se jẹ́ ti Sámì Àríwá, èdè àwọn onílẹ̀ tó wà ní òkè Nọ́wè, Swídìn àti Fínlàǹdì. Ẹgbẹ́ tó bá ń túmọ̀ sí èdè Swídìn lábẹ́ orúkọ se ti gba orúkọ lọ́wọ́ èdè kékeré tó nílò rẹ̀ jù ú lọ. Èyí tó tún lọ́jú jù ni ti Estonia. Kóòdù orílẹ̀-èdè náà ni EE, kóòdù èdè rẹ̀ ni et. Ṣùgbọ́n ee jẹ́ èdè Ewe, tí wọ́n ń sọ ní Gánà àti Tógò, ET sì jẹ́ Ẹtiópíà. Lẹ́tà mẹ́rin péré, ilẹ̀ méjì, èdè méjì, kò sì sí ohun tó pa Ẹtiópíà àti Estonia pọ̀.

Kóòdù orílẹ̀-èdè tún máa ń kú. Lẹ́yìn tí Dahomey yí orúkọ padà sí Benin ní 1975, DY tó jẹ́ kóòdù rẹ̀ di BJ. CS jẹ́ ti Czechoslovakia títí orílẹ̀-èdè náà fi pín sí méjì ní 1993. Nígbà tó di 2003, wọ́n gbé CS yẹn fún Serbia àti Montenegro, àwọn náà sì pínyà ní 2006. Ní gbogbo àkókò yẹn, cs tó jẹ́ kóòdù èdè Czech kò yẹsẹ̀. Àwọn ará Kétu náà kò pààrọ̀ èdè lọ́jọ́ tí ìjọba wọn pààrọ̀ orúkọ.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ lọ fi ojú ara yín wo kóòdù náà

Ẹ má gba kóòdù lẹ́nu ẹnikẹ́ni. IANA Language Subtag Registry ni kí ẹ ṣí. Fáìlì ọ̀rọ̀ lásán ni, gbangba ló wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, òun sì ni BCP 47, ìlànà bí a ṣe ń kọ kóòdù èdè tí aṣàwákiri àti fóònù ń tẹ̀ lé, gbé ara lé. Ẹ wá Yoruba nínú rẹ̀, ohun tí ẹ máa rí nìyí:

Type: language
Subtag: yo
Description: Yoruba
Added: 2005-10-16

Ìlà àkọ́kọ́ ni kí ẹ tẹjú mọ́. Bí ó bá jẹ́ pé region ló wà níwájú Type, kóòdù ilẹ̀ lẹ dì mú yẹn, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ kò ní rí yor nínú fáìlì yìí, nítorí òfin BCP 47 ni pé èdè tó bá ti ní kóòdù lẹ́tà méjì, òun ni ká lò. Bí ibi tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́ bá ti ń lo yor tẹ́lẹ̀, ẹ má bá wọn jà lórí ìyẹn. Kóòdù èdè ṣì ni, ó sì dára.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn kóòdù tó jọ tiwa. Kóòdù kan wà tó ń jẹ́ ife, ojú ọmọ Ilé-Ifẹ̀ á sì kọ́kọ́ tàn sí i. Kì í ṣe ẹ̀ka-èdè Ilé-Ifẹ̀. Ifẹ̀ ti Tógò ni, èdè àwọn tí wọ́n tún ń pè ní Àná, ní agbègbè Atakpamé, ó sì wọ Bẹ̀nẹ̀ díẹ̀. Its ni Ìṣẹ̀kírì. Luq ni Lukumí, èdè tí àwọn olórìṣà Kúbà fi ń kọrin, tí wọ́n fi ń júbà. Cbj ni wọ́n fún Ṣábẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ọmọ Ṣábẹ̀ ka ara wọn sí Yorùbá. Èrò tèmi ni pé kí ẹgbẹ́ yo ṣílẹ̀kùn fún gbogbo wọn, kó má sì gba orúkọ mọ́ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹni tó bá fẹ́ túmọ̀ sí Yorùbá àjùmọ̀lò, kó wá. Ẹni tó bá fẹ́ gbé èdè ìlú tirẹ̀ sórí fóònù, kóòdù rẹ̀ ti wà nílẹ̀, ká ràn án lọ́wọ́ kó lò ó.

Ìgbésẹ̀ 3: Orúkọ méjì lẹ nílò

Ẹgbẹ́ ní orúkọ tí ẹ̀rọ ń kà, ó sì ní èyí tí ènìyàn ń kà. Ẹ má fi ọ̀kan ṣe iṣẹ́ méjèèjì.

Ti ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ jẹ́ lẹ́tà gbẹrẹfu láìsí àmì ohùn: yo, tàbí yoruba níbi tí wọ́n bá ti ń fẹ́ orúkọ lódindi. Mo mọ̀ pé inú wa máa ń dùn láti rí àmì ohùn, èmi náà kì í kọ Yorùbá láìsí i. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí Yorùbá tó ní àmì bá wọ inú líǹkì. Bí bọ́tìnnì tí ẹ fi tẹ̀ ẹ́ bá so lẹ́tà àti àmì pọ̀ bí ẹyọ kan, ó máa di èyí:

Yor%C3%B9b%C3%A1

Bí bọ́tìnnì ti ẹlòmíràn bá tẹ lẹ́tà lọ́tọ̀, tó wá gbé àmì lé e lórí, ó máa di èyí:

Yoru%CC%80ba%CC%81

Ojú kan náà ni méjèèjì ní lójú wa. Lójú ẹ̀rọ, orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, ẹgbẹ́ kan lè ti ibẹ̀ di méjì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jà.

Ti ènìyàn ni kí ẹ fi gbogbo ẹwà rẹ̀ sí: Èdè Yorùbá, pẹ̀lú àmì ohùn tó péye. Òun ló máa hàn nínú àkójọ tí ènìyàn ti ń yan èdè, òun ni ọmọ wa máa kà tí ara rẹ̀ máa yá gágá. Ẹ má fi àsíá sí i, ì báà jẹ́ aláwọ̀ ewé àti funfun tiwa. Àsíá jẹ́ ti orílẹ̀-èdè. Ẹni tó wà ní Àjàṣẹ́ kò níí tẹ àsíá Nàìjíríà láti wá èdè ìyá rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ tẹ̀ lé àṣà ilé tí ẹ bá wọ̀

Ilé kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń to orúkọ. Ní Launchpad, níbi tí wọ́n ti ń túmọ̀ Ubuntu (irú Linux kan, ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà), àpẹẹrẹ tí wọ́n ń tẹ̀ lé ni ubuntu-l10n- (l10n ni ìkékúrú localization, ìyẹn iṣẹ́ ìtumọ̀ sọ́fítíwíà), kóòdù èdè á sì tẹ̀ lé e, tiwa á wá jẹ́ ubuntu-l10n-yo. Debian, irú Linux mìíràn, ń lo orúkọ èdè lódindi ní Gẹ̀ẹ́sì, bíi debian-l10n-french àti debian-l10n-german. GNOME, tó ń ṣe ojú tí a ń rí lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà Linux, ń lo kóòdù èdè. Wikipedia náà fi èdè pín ilé rẹ̀, yo.wikipedia.org ni tiwa, ẹni tó wà ní Ìbàdàn àti ẹni tó wà ní Chicago ló sì ń kọ sínú rẹ̀.

Ubuntu kọ́ wa ní nǹkan kan tó yẹ ká mú lò. Yàtọ̀ sí àwọn ẹgbẹ́ ìtumọ̀, wọ́n tún ní ẹgbẹ́ àwọn tó ń lò ó ní ìlú kọ̀ọ̀kan, àwọn yẹn ni wọ́n sì fi kóòdù orílẹ̀-èdè sọ. Ó bọ́gbọ́n mu. Bí a bá fẹ́ pàdé lójúkojú, ká gba gbọ̀ngàn, ká kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé bí wọ́n ṣe ń lo Linux, ọ̀rọ̀ ibi tí a ń gbé ni, Haúsá àti Ìgbò á sì jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú wa. Ní ti ìtumọ̀, ibi tí ẹnì kan ń gbé kò ṣe nǹkan kan fún gbólóhùn tó wà níwájú rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá ti ní ẹgbẹ́ Nàìjíríà, ẹ má tú u ká. Ẹ dá ti èdè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ jẹ́ kí orúkọ fáìlì bá ti ẹgbẹ́ mu

Ibí ni orúkọ ti ń kan ẹni tí kò mọ ohunkóhun nípa ẹgbẹ́ wa, tó kàn fẹ́ kí kọ̀ǹpútà òun sọ Yorùbá.

Ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà Linux ló ń lo gettext, irinṣẹ́ tó ń wá ìtumọ̀ fún sọ́fítíwíà, inú fáìlì po sì ni ìtumọ̀ máa ń wà. Ẹ pe tiyín ní yo.po, kí orí fáìlì náà sì ní ìlà méjì yìí, kí àdírẹ́sì ẹgbẹ́ yín sì wà láàárín àmì tó wà níparí ìlà kejì:

Language: yo
Language-Team: Yoruba <...>

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tí kò fi yẹ kó jẹ́ yo_NG.po. Bí wọ́n bá ti to kọ̀ǹpútà kan sí yo_NG.UTF-8, ìyẹn Yorùbá ti Nàìjíríà, gettext á kọ́kọ́ wá ìtumọ̀ nínú fóldà yo_NG, bí kò bá rí i, á lọ wò ó nínú yo. Ó ń ti orí ilẹ̀ kan pàtó bọ́ sórí èdè lásán. Kì í ṣe òdìkejì rẹ̀: ẹni tó bá béèrè yo nìkan, yo nìkan ni gettext máa wò, kò ní gòkè lọ sí yo_NG láé. Ní báyìí, ẹ ronú nípa ẹnì kan ní Kùtọnu tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ wà ní Faransé, LANG rẹ̀, ibi tí a ti ń to èdè kọ̀ǹpútà, jẹ́ fr_FR.UTF-8, tó wá kọ báyìí:

LANGUAGE=yo:fr

Ohun tó ń sọ ni pé, ẹ bá mi fi Yorùbá ṣe é, níbi tí Yorùbá kò bá ti sí, ẹ fi Faransé dí i. Bí iṣẹ́ wa bá wà nínú yo, ó rí gbogbo rẹ̀. Bí ó bá wà nínú yo_NG, kò rí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, Faransé ló máa bo ojú rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀, á sì gbà pé kò sẹ́ni tó tíì túmọ̀ rẹ̀. Gbogbo òru tí a fi ṣiṣẹ́ ti ṣòfò lórí rẹ̀ nítorí lẹ́tà méjì tí kò nídìí.

Ní Android, values-yo ni fóldà yín, kì í ṣe values-yo-rNG. Ní iPhone, yo.lproj. Lórí ojúewé wẹ́ẹ̀bù, lang="yo". Ọgbọ́n kan náà ni.

Ìgbésẹ̀ 6: Ìgbà tí kóòdù orílẹ̀-èdè wúlò

N kò sọ pé kí ẹ ju kóòdù orílẹ̀-èdè nù. Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi ara yín ni pé, kí ló yàtọ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí ènìyàn máa kà bí ó bá ti kọjá ààlà Ìdìrókò? Bí ìdáhùn bá jẹ́ owó nìkan, pé náírà la ń ná níhìn-ín, CFA ni wọ́n ń ná lọ́hùn-ún, ètò kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ti mọ ìyẹn, kò nílò ìtumọ̀ ọ̀tọ̀.

Ohun gidi kan tó yàtọ̀ ni àkọtọ́. Ní Bẹ̀nẹ̀, ɛ ni wọ́n ń kọ níbi tí a ti ń kọ ẹ, ɔ níbi tí a ti ń kọ ọ, sh níbi tí a ti ń kọ ṣ. Oṣù tí à ń kọ ní Ṣẹ́rẹ́, Shɛ́rɛ́ ni wọ́n ń kọ ọ́. Ọjọ́ wa jẹ́ ɔjɔ́ lọ́dọ̀ wọn. CLDR, àkójọ tí Unicode ń tọ́jú, tí Android àti ọ̀pọ̀ ètò mìíràn ti ń mú orúkọ oṣù àti ọjọ́, mọ èyí. Yo ló fi ṣe ìpìlẹ̀, ó wá ní yo-BJ fún àkọtọ́ Bẹ̀nẹ̀. Bí ó ṣe yẹ kí ẹ ṣe é gan-an nìyẹn: ẹgbẹ́ kan, tí ń jẹ́ yo, tó ní fáìlì méjì.

Iṣẹ́ fáìlì kejì kò pọ̀ tó bí ẹ ṣe rò. Ẹ lè kọ ètò kékeré kan tó máa ti inú yo.po mú fáìlì Bẹ̀nẹ̀ jáde. Ẹ kọ́kọ́ sọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà di NFD, ọ̀nà ìkọ̀wé kan nínú Unicode, kí lẹ́tà, àmì abẹ́ àti àmì ohùn lè dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. E tí U+0323, ìyẹn nọ́ńbà àmì abẹ́ nínú Unicode, bá tẹ̀ lé á di ɛ, o tí òun náà bá tẹ̀ lé á di ɔ, s tí ó bá tẹ̀ lé á di sh. Àmì ohùn ò kúrò níbi tó wà. Ẹ rí i dájú pé ètò náà kò fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ ti ń túmọ̀, ìtumọ̀ nìkan ni kó yí padà. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e fún ẹni tó gbọ́ Yorùbá Bẹ̀nẹ̀ dáadáa kó kà á, nítorí ọ̀rọ̀ tí a yá lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ọwọ́ Faransé ni àwọn ti yá tiwọn, kò sì sí ètò tó lè mọ ìyẹn. Ẹni náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ pátápátá, kó ní ẹ̀tọ́ láti fọwọ́ sí iṣẹ́ bíi ti àwọn ará Èkó.

Nígbà mìíràn, ohun tó ya ìtumọ̀ méjì kì í ṣe ilẹ̀ rárá, bátánì ìkọ̀wé ni. Èdè Ṣáínà ń lo zh-Hans àti zh-Hant. Bí ẹnì kan bá fẹ́ fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ Yorùbá, bí àwọn ààfáà wa ti ń kọ ọ́ láyé àtijọ́, yo-Arab ló ń jẹ́, ẹ kò nílò orílẹ̀-èdè kankan níbẹ̀.

Bí ẹ bá ṣì ń ṣiyèméjì bóyá kí ẹ pín tàbí kí ẹ má pín, ẹ má pín. Èdè Bengali ní fáìlì méjì nínú aṣàwákiri Firefox tẹ́lẹ̀, bn-BD fún Bangladesh àti bn-IN fún Íńdíà. Ní 2019, wọ́n so méjèèjì pọ̀ di bn. Èdè tó ní ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn lẹ́yìn ni Bengali o. Àwa tí olùtumọ̀ wa kò tó nǹkan, kí la fẹ́ fi pípín ṣe?

Ìgbésẹ̀ 7: Bí ẹgbẹ́ yín bá ti ń jẹ́ ng

Ẹ kọ́kọ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀. Àwọn kan ti bá orúkọ yẹn ṣiṣẹ́ fún ọdún pípẹ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n jí lọ́jọ́ kan kí wọ́n bá orúkọ tuntun. Ẹ ṣàlàyé ti Ndonga fún wọn. Èmi ò tíì rí ẹni tó gbọ́ ọ tó ṣì ń fẹ́ kí ng dúró.

Ẹ wá yí i padà báyìí nínú Git, ètò tó ń tọ́jú àyípadà inú fáìlì:

git mv po/ng.po po/yo.po

Ẹ ṣí fáìlì tó ń jẹ́ LINGUAS nínú fóldà po, àkójọ àwọn èdè tí sọ́fítíwíà náà ní, ẹ yọ ng kúrò níbẹ̀, ẹ fi yo sí i. Ọ̀pọ̀ ló ń gbàgbé èyí, fáìlì á wà níbẹ̀ rèǹtè-rente, kò sì ní í jáde nínú sọ́fítíwíà. Ẹ tún ìlà Language ṣe ní orí fáìlì. Ẹ jẹ́ kí líǹkì àtijọ́ máa darí ènìyàn sí tuntun fún ìgbà díẹ̀, kí àdírẹ́sì íméèlì àtijọ́ náà sì máa fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí tuntun. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kọ̀wé sí àwọn alábòójútó ibẹ̀ kí wọ́n yọ orúkọ yín kúrò lórí ng pátápátá. Ẹ sì tún àpèjúwe ẹgbẹ́ kọ. Èyí tó kúrú báyìí tó:

"Ẹgbẹ́ yìí ń túmọ̀ sọ́fítíwíà sí èdè Yorùbá. Ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ Yorùbá lè dara pọ̀, níbikíbi tó bá ń gbé."

Kí ẹ tó kéde fún aráyé, ẹ dán an wò lórí kọ̀ǹpútà tí kò sí fáìlì àtijọ́ lórí rẹ̀. Ẹ gbé LANG sí èdè mìíràn tó ti wà níbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì tàbí Faransé. Ẹ má gbé e sí C, ipò tí kò ní èdè kankan, nítorí bí ó bá wà ní C, gettext kì í wo LANGUAGE rárá. Ẹ wá kọ LANGUAGE=yo síwájú orúkọ ètò náà kí ẹ tó ṣí i. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá ṣì ń jáde, ẹ lọ wo inú /usr/share/locale/yo/LC_MESSAGES bóyá fáìlì mo, èyí tí wọ́n fi fáìlì po ṣe kí ẹ̀rọ lè kà á, ti débẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, LINGUAS ni kí ẹ kọ́kọ́ padà sí.